Ìparọ́rọ́ àti Ìdákẹ́: Èrò lórí Ọ̀nà Kẹ̀kẹ́ Etí Odò Loire

Ọ̀rọ̀ méjì kan wà nínú èdè Yorùbá tí a máa ń fi rọ́pò ara wọn bí ẹni pé ìbejì ni wọ́n. Àwọn ni ìparọ́rọ́ àti ìdákẹ́. Bí a bá yẹ̀ wọ́n wò fínnífínní, a ó rí i pé wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ibi tí ó pa rọ́rọ́ ni ibi tí ariwo kò sí, kò sì sí ẹni tí a ó dá lẹ́bi tàbí tí a ó yìn nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ pé nǹkan dákẹ́, a ti gbà ná pé ó ń fọhùn tẹ́lẹ̀. Igbó kìjikìji lè pa rọ́rọ́ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Agogo, ìlù àti ènìyàn ni í dákẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi máa ń sọ nípa olóògbé pé ó ti dákẹ́. Kò sí ẹni tí í sọ pé olóògbé pa rọ́rọ́.

Ìyàtọ̀ yìí ni mo fẹ́ fi ṣe òṣùwọ̀n fún ìbéèrè kan tí ó jẹ mọ́ ìwà. Bí ènìyàn bá dé ibì kan tí ara tù ú nítorí pé ariwo kò sí níbẹ̀, ǹjẹ́ ó yẹ kí ó wádìí ohun tí ó ti ń dún níbẹ̀ rí, àti ìdí tí kò fi dún mọ́? Àbí kí ó sáà sinmi, kí ó máa bá tirẹ̀ lọ? Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tí ó wà ní àfonífojì odò Loire ní ilẹ̀ Faransé ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ìdí tí mo fi mú un ni pé ìparọ́rọ́ gan-an ni ọjà tí wọ́n ń tà níbẹ̀, àti pé, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i níwájú, odò náà jẹ nínú làálàá àwọn ènìyàn wa kan, bí wọn kò tilẹ̀ fojú kàn án rí.

Odò Loire ni ó gùn jù nínú gbogbo odò ilẹ̀ Faransé. Ó lé díẹ̀ ní 1,000 kìlómítà. Láti Cuffy, nítòsí ìlú Nevers, níbi tí odò Allier ti wọ inú rẹ̀, títí dé Saint-Brevin-les-Pins ní etí òkun Àtìláńtíìkì, wọ́n la ọ̀nà kan tí ó tó nǹkan bí 900 kìlómítà fún àwọn tí ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere. La Loire à Vélo ni wọ́n ń pè é, èyí tí í ṣe odò Loire lórí kẹ̀kẹ́. Ọ̀nà yìí tún jẹ́ ara ọ̀nà gígùn mìíràn, EuroVelo 6, tí ó la ilẹ̀ Yúróòpù já dé Òkun Dúdú. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni a dí mọ́ mọ́tò. Níbì kan, ọ̀nà tí a yà sọ́tọ̀ ni. Níbòmíràn, ọ̀nà kékeré láàárín abúlé ni, tí ó jẹ́ pé ọkọ̀ àgbẹ̀ tàbí ti ẹni tí ń lọ ra búrẹ́dì ni ó kù tí ń gbà á. Arìnrìn-àjò a di ẹrù rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́ lọ́tùn-ún lósì, a máa wa ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà ẹ̀rùn, iyanrìn a yọ sókè láàárín omi, àwọn ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn a sì dúró lórí rẹ̀ bí ẹni tí ń ronú. Ní 2000, àjọ UNESCO ka apá tí ó wà láàárín Sully-sur-Loire àti Chalonnes mọ́ àwọn ohun ogún gbogbo ayé. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí tí ó ní òun fẹ́ lọ, n kò ní dá a lẹ́kun.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ tú ìparọ́rọ́ tí òfin dá sílẹ̀ wò. Ní oṣù kẹsàn-án 2004, ìjọba ilẹ̀ Faransé fi àlàyé sínú ìwé òfin ìrìnnà wọn nípa ohun tí wọ́n ń pè ní voie verte. Ọ̀nà ni, tí a yà sọ́tọ̀ fún ohun ìrìnnà tí kò ní ẹ́ńjìnnì, fún ẹlẹ́sẹ̀ àti fún agẹṣin. Ṣáájú àkókò náà, ní 1997, wọ́n ti sọ ojú irin àtijọ́ kan láàárín Givry àti Cluny ní ẹkùn Bourgogne di irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Òun ni a sì kà sí àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ náà. Ẹni tí ó ní mọ́tò lè bèèrè pé, ‘Ṣebí nínú owó orí tèmi náà ni a ti mú la ọ̀nà, èé ṣe tí a fi dí i mọ́ mi?’ Ìbéèrè náà kò burú, ṣùgbọ́n kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí mọ́tò àti kẹ̀kẹ́ bá jọ ń gba ọ̀nà kan, ẹnì kan ṣoṣo ni í máa yà fún ẹnì kejì. Bí a bá da oúnjẹ sí àwo kan ṣoṣo fún àgbò àti òròmọdìẹ, kò di ìgbà tí a bá lé òròmọdìẹ kí a tó mọ ẹni tí yóò yó. Òfin tí ó dí ọ̀nà kan mọ́ alágbára kò gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí àìmọye ọ̀nà mìíràn ṣí sílẹ̀ fún un.

Àtakò kan wà tí ó lágbára ju èyí lọ, òun sì ni ti ojú irin tí mo dárúkọ. Kí ojú irin tó di ọ̀nà kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ti ṣíwọ́ níbẹ̀. Ìyá àgbà tí ó ń wọ ọkọ̀ náà lọ sí ọjà, ọmọ tí ó ń bá a lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n ní láti wá. Kẹ̀kẹ́ kọ́ ni ó pa rélùweè abúlé. Mọ́tò àti ìṣirò àwọn aláṣẹ ni ó pa á. Síbẹ̀, ẹni tí ó wọ aṣọ olóògbé kò lè sọ pé kò kan òun láti mọ orúkọ ẹni tí ó ni aṣọ. Níhìn-ín ni a ti kọ́kọ́ rí i pé ohun tí àlejò ń pè ní ìparọ́rọ́, ìdákẹ́ ni lẹ́nu onílé.

Òfin mìíràn wà tí ó ti pẹ́ ju èyí lọ. Ní 1669, láyé ọba Louis Kẹrìnlá, Colbert tí ó jẹ́ mínísítà rẹ̀ gbé òfin kan jáde: ẹnikẹ́ni tí ilẹ̀ rẹ̀ bá dé etí odò tí ọkọ̀ ń ná gbọ́dọ̀ fi ààyè tí ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 24 sílẹ̀ fún ọ̀nà ọba àti fún àwọn ẹṣin tí ń fi okùn fa ọkọ̀. Ilẹ̀ kò kúrò ní ti onílẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbin igi síbẹ̀, kò gbọdọ̀ ṣọgbà yí i ká. Nítorí òwò ni wọ́n ṣe òfin náà. Kò sí ẹni tí ó ro ti afẹ́. Òfin ọ̀hún kò sì kú. Ní òpin 2006 ni wọ́n tún un ṣe débi pé ẹlẹ́sẹ̀ lásán, tí kò tà tí kò rà, ní ẹ̀tọ́ láti gba etí irú odò bẹ́ẹ̀ kọjá. Ó wù mí púpọ̀ pé òfin tí a ṣe fún ẹrù ọlọ́jà wá di ti ẹni tí kò ru ẹrù kankan.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á bá odò ṣàn lọ. Ní Briare, afárá kan wà tí ó ti gbé ipa-odò àtọwọ́dá kọjá lórí odò Loire láti 1896, tí ọkọ̀ ojú omi fi ń gba orí odò kọjá lórí odò. Ìyanu gidi ni. Ẹni tí ó bá kọjá ibẹ̀ tí ó sì kọjá Gien yóò rí ilé gogoro mẹ́rin ní Dampierre-en-Burly, tí ìkùukùu funfun ń ti ẹnu wọn jáde. Iléeṣẹ́ iná mànàmáná tí ń lo agbára átọ́míìkì ni. Mẹ́rin irú rẹ̀ ni ó wà létí odò yìí: Belleville, Dampierre, Saint-Laurent àti Chinon. Ní Saint-Laurent, ohun ìdáná inú ẹ̀rọ yọ́ ní 1969, ó tún yọ́ ní 1980. Àwọn iléeṣẹ́ wọ̀nyí kì í pariwo. Mo kàn fẹ́ kí á ṣàkíyèsí pé ibi tí ó pa rọ́rọ́ kì í ṣe ibi tí ewu kò sí ní dandan, àti pé iná tí ń mú ilé ìtura arìnrìn-àjò móoru lálẹ́, ibì kan ni ó ti wá.

Ní Châteauneuf-sur-Loire, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kan wà fún àwọn atukọ̀ odò náà. Ibẹ̀ ni kí ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó dákẹ́ yà sí. Odò Loire kò jìn púpọ̀, iyanrìn inú rẹ̀ a sì máa ṣípò. Nítorí náà, ọkọ̀ onígi tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ ni wọ́n ń lò, tí wọ́n ta ìgbòkun ńlá onígun mẹ́rin sí. Bí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìhà òkun, omi ni í gbé wọn. Bí wọ́n bá ń padà bọ̀, wọn a dúró de atẹ́gùn tí ń fẹ́ wá láti òkun. Bí atẹ́gùn bá kọ̀, wọn a so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ títí yóò fi gbà, tàbí kí àwọn ọkùnrin fi okùn kọ́ èjìká kí wọ́n máa fà á. Wáìnì, iyọ̀, ọkà, igi, òkúta tí a fi kọ́ ààfin àwọn ọba, odò ni gbogbo rẹ̀ gbà. Ẹ fojú inú wo ariwo èbúté nígbà náà: ìpè àwọn atukọ̀, ọlọ́jà tí ń ná ọjà, ẹṣin tí ń yán, àgbá wáìnì tí ń yí lórí òkúta. Ọkọ̀ ojú irin dé Orléans láti Paris ní 1843. Ó dé Tours ní 1846. Ó dé Nantes ní 1851. Rélùweè kì í dúró de atẹ́gùn. Díẹ̀díẹ̀ ni iṣẹ́ atukọ̀ fi tán lórí odò náà.

A gbọ́dọ̀ ṣọ́ra níhìn-ín, nítorí kì í ṣe gbogbo ohun tí ó dákẹ́ ni ó yẹ kí á ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ń fi èjìká fa ọkọ̀ bí ẹṣin kò ní bú wa bí a bá yọ̀ pé iṣẹ́ rẹ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ ń bẹ nínú iṣẹ́ náà tí ó bá iṣẹ́ lọ: ojú tí ń wo àwọ̀ omi tí ó fi mọ ibi tí iyanrìn fara pamọ́ sí, etí tí ń gbọ́ ìyípadà atẹ́gùn. Èmi kò mọ bí a ṣe lè fi ọ̀kan wọn èkejì. Ìdùnnú àti àdánù ni, nínú ìdákẹ́ kan náà.

Ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ ń gbà gan-an sì nìyí: púpọ̀ nínú rẹ̀ wà lórí ògiri erùpẹ̀ gígùn tí a mọ sí etí odò kí omi má baà ya wọ oko àti ilé. Levée ni wọ́n ń pè é. Ní ọ̀rúndún kejìlá, Henry Kejì, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó tún jẹ́ olórí Anjou, yọ̀ǹda àwọn tí wọ́n bá gbà láti máa gbé orí ògiri náà kí wọ́n sì máa tún un ṣe kúrò nínú iṣẹ́ ogun. Ìran dé ìran ni wọ́n ń kó erùpẹ̀ lé e, tí ó ń ga sí i. Síbẹ̀, odò kò gbà. Ní 1846, ní 1856 àti ní 1866, omi ya ògiri náà, ó sì bo ilẹ̀ lọ rẹrẹẹrẹ. Nítorí náà, bí arìnrìn-àjò bá ń yọ̀ pé ojú ọ̀nà ga, pé òun ń rí odò lápá kan àti ọgbà àjàrà lápá kejì, orí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tí ìbẹ̀rù omi kò jẹ́ kí wọ́n sùn ni táyà kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń yí lé.

Mo ti fi ọ̀rọ̀ tí ó wúwo jù sí ẹ̀yìn. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ìlú Orléans lókìkí fún ṣúgà. Kì í ṣe pé ìrèké ń hù níbẹ̀. Òtútù kò jẹ́. Láti Saint-Domingue àti àwọn erékùṣù mìíràn tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ Faransé ni ọkọ̀ òkun ti ń kó ṣúgà tútù wá sí Nantes, tí àwọn ọkọ̀ onígbòkun odò Loire fi ń gbé e gòkè lọ sí àwọn ilé tí wọ́n ti ń sè é tí ó fi ń funfun. Nantes yìí kan náà ni ó ṣíwájú gbogbo èbúté ilẹ̀ Faransé nínú òwò ẹrú. Ọkọ̀ a kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ, ìbọn àti ọtí. A dé etíkun ilẹ̀ wa, ní Ouidah àti àwọn èbúté bíi tirẹ̀. A ra ènìyàn. A kọjá sí ọ̀hún. A sì padà pẹ̀lú ṣúgà. Nínú ìwé àwọn olóko Saint-Domingue, orúkọ kan ń bẹ tí ojú wa kò lè gbójú fò: Nago. Àwọn Nàgó ni, ọmọ Oòduà tí ogun àti ìmúnisìn gbé dé ibẹ̀. Ìlú tí wọ́n kó wọn lọ náà gba òmìnira ní 1804, ó sì di Haiti. Títí di òní ni wọ́n ń pe Ògún ní Ogou níbẹ̀, tí apá kan ẹ̀sìn wọn sì ń jẹ́ Nago. Làálàá wọn ni ó ń gun odò Loire lọ nínú àpò. Bí ọmọ Yorùbá bá wá dúró létí odò náà lónìí tí kò gbọ́ nǹkan kan, kí ni kí ó pe ohun tí kò gbọ́ yẹn? Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá dákẹ́, ti ara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí kò dákẹ́ fúnra wọn. A pa wọ́n lẹ́nu mọ́ ni.

Mo mọ ohun tí a ó sọ sí mi. A ó ní mo ti di ẹrù gbogbo òkú lé kẹ̀kẹ́ ẹni tí ó wá sinmi. Òṣìṣẹ́ kan ti fi ọdún kan gbáko ṣe wàhálà nínú iléeṣẹ́ tí ariwo ẹ̀rọ ti dí i létí. Ó gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì, ó kó ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ létí omi. Kí ni tirẹ̀ nínú ọkọ̀ tí ó rìn ní 1750? Bí a bá ní kí ẹnikẹ́ni má gbádùn àyàfi ibi tí ìyà kò ti jẹ ènìyàn rí, a jẹ́ pé a ti ní kí ó má jókòó sí ibì kankan láyé.

Àtakò yìí tọ́ débì kan. Ẹ̀bi kò sí lọ́rùn òṣìṣẹ́ náà, n kò sì gbà pé ó yẹ kí ìbànújẹ́ bá a jẹun. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ ya ẹni tí ń sinmi sọ́tọ̀ sí ẹni tí ń ta ìsinmi. Àwọn tí ń polówó àfonífojì náà, tí wọ́n ń ya àwòrán ààfin Chambord àti Amboise sínú ìwé, tí wọ́n ń sọ pé ibẹ̀ pa rọ́rọ́, àwọn ni ìbéèrè náà dojú kọ ní tààrà. Bí ẹni tí ń tajà bá mọ ìtàn ọjà rẹ̀ tí ó gbé e pamọ́ kí ọjà lè tà, irọ́ ni, bí kò tilẹ̀ la ẹnu. Ní ti ẹni tí ń sinmi, ohun tí mo rò pé ó jẹ ni pé kí ó gbà láti gbọ́ nígbà tí a bá ń sọ ọ́. Kí ó má bínú pé wọ́n ba ìsinmi òun jẹ́. Láàárín kí a máà mọ̀ àti kí a kọ̀ láti mọ̀, ọ̀nà jìn.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Nantes fi hàn pé kò rọrùn. Ó pẹ́ púpọ̀ kí ìlú náà tó sọ̀rọ̀. Láti 1992 sí 1994 ni wọ́n ṣe àfihàn kan nípa òwò ẹrú nínú ààfin àtijọ́ àwọn olórí Bretagne, tí wọ́n pè ní Les Anneaux de la mémoire. Ní 1998, nígbà tí ó pé 150 ọdún tí ilẹ̀ Faransé fòpin sí oko ẹrú, wọ́n gbé ère kan kalẹ̀ létí omi. Àwọn kan wá ní òru, wọ́n bà á jẹ́. Ẹ rí i pé àwọn tí ó fẹ́ kí ibẹ̀ máa pa rọ́rọ́ lọ kò fi jẹ́jẹ́ bèèrè fún un. Lẹ́yìn èyí ni ìlú pinnu láti ṣe ìrántí tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì ṣí i ní oṣù kẹta 2012 ní Quai de la Fosse. Wọ́n fi nǹkan bí 2,000 dígí pẹlẹbẹ sínú ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Orúkọ àwọn ọkọ̀ tí ó ti Nantes lọ kó ẹrú, pẹ̀lú ọdún tí wọ́n lọ, wà lára 1,710 nínú wọn. Orúkọ àwọn èbúté àti ibùdó òwò wà lára àwọn tí ó kù. Nísàlẹ̀, ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ kan wà tí a ti ń gbọ́ ìró omi odò nítòsí.

Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ gba inú ìlú yìí kọjá. Kò sí òfin tí ó ní kí ẹnikẹ́ni sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. Ẹlòmíràn a sọ̀ kalẹ̀, a ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀, a tẹ orí ba kí ó lè ka orúkọ ọkọ̀ tí oòrùn ń tàn sí. Ẹlòmíràn a wa ẹsẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn Nantes, odò náà a fẹ̀ lọ sí òkun, ọ̀nà a sì parí sí etíkun Saint-Brevin-les-Pins. Ère ejò ńlá kan wà níbẹ̀ nínú omi, egungun irin lásán láìsí ẹran, tí Huang Yong Ping ṣe ní 2012. Bí òkun bá kún, omi a bo púpọ̀ nínú rẹ̀. Bí omi bá fà, egungun náà a tún yọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti ìrù títí dé orí.